Kànga Keje ní Ìhunbọ̀

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 2019. Ìlaròó

Owó àkọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ yìí. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn tó ń náwó sí ìwádìí yìí kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìparí oṣù kọkànlá ni àwọn fẹ́ rí àbọ̀ iṣẹ́. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á san ìyókù, èmi náà á sì parí ẹ̀kọ́ oyè dókítà yìí. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di Ayétòrò nìyẹn, kí n padà lọ máa ya máàpù Áfíríkà sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ tó ń sùn. Màmá mi ní ìyẹn náà iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Kó ṣáà má gbàdúrà gba ibẹ̀.

Bánjí ọlọ́kadà, tí yóò máa gbé mi lọ sí Ìhunbọ̀, bi mí pé kí ni iṣẹ́ náà gan-an. Mo ní mo fẹ́ máa bu omi kànga méjìlá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí n wò bóyá ṣáláńgá tí wọ́n gbẹ́ sítòsí ń bà á jẹ́, kí n sì béèrè àìsàn àwọn ọmọdé ilé kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń ṣètò ìlú lè mọ bó ṣe yẹ kí èkíní jìnnà sí èkejì tó. Ó ronú díẹ̀.

"Àǹtí, ṣé omi ni wọ́n ń sanwó fún yín láti fà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kànga wà lẹ́yìn ilé wa níbí o. Ẹ jẹ́ ká máa fà á níbẹ̀, ká pín owó náà."

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣọ́jà, kọ́sítọ́ọ̀mù, ìmígíréṣọ̀n, ọlọ́pàá, tún kọ́sítọ́ọ̀mù. Èyí tó kẹ́yìn ní kí n ṣí kúlà mi. "Tọ́kì dídì ni, àbí?" Mo ní ìgò òfìfo ni, omi ni mo ń lọ bù. "Láti Ìlaròó? Pẹ̀lú yìnyín?" Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò mí. Nígbà tí a ń padà, ó ṣì dúró síbẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ omi o," ó wí, kò tilẹ̀ ṣí i mọ́.

Alhaja Àṣíáwù ni olórí obìnrin àdúgbò tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ àti tòmátò alágolo ló ń kó wá láti Àjàṣẹ́ lódìkejì bọ́dà kí ìjọba tó tì í. Ní báyìí tí kò rí ibi lọ, gbogbo agbára tó fi ń bá kọ́sítọ́ọ̀mù jà, ara àwọn ará ilé ló ń lò ó sí. Òun ni mo máa ń pè lọ́jọ́bọ̀ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, òun á sì ránṣẹ́ sí àwọn onílé yòókù. Ìwé àṣẹ yunifásítì ló ní kí n máa fi tó wọn létí, àmọ́ ká ní ìwé náà ò sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń já wọ ilé onílé bí olè?

Kànga keje nínú ìwé mi, tirẹ̀ ni. Ó gbẹ́ ẹ ní sàdákà fún ìyá rẹ̀ tó kú, ó sì ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ ìyá náà sẹ́nu rẹ̀: MẸ̀DÍNÁTÙ. Kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí ẹni tí kò lè fà níbẹ̀. "Gbogbo ẹni tó bá mu ún," Alhaja wí, "láádá rẹ̀ ń lọ bá ìyá mi níbi tó wà."

Ẹ̀yìn ògiri ni wàhálà wà. Tíṣà Adégbóyè, tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ń darí ìjọ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Alhaja, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ṣáláńgá síbẹ̀ fún àwọn awakọ̀ tírélà tí wọ́n há sójú ọ̀nà látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà. Ó ní òun ò lè máa wo àgbà ọkùnrin kó máa wá igbó kiri bí ewúrẹ́. Oore ni, mi ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ kànga, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sì jìnnà síra. Bí kànga kan bá máa bàjẹ́ ní Ìhunbọ̀, kànga keje ni. Mo ti ń bá a bínú kí n tó bu omi rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti da omi kọ̀ọ̀kan sínú àwo lánàá kí kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ lè hù jáde. Àwo kànga keje mọ́ lóló. Kò sí àmì kòkòrò ìgbẹ́ kan ṣoṣo. Mo gbé e sójú oòrùn, mo tún wò ó. Kò sí. Àwọn yòókù náà mọ́, àfi méjì.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti ìdájí. Bánjí fi ọ̀rá bo kúlà, kò fi nǹkan kan bo èmi.

Gbogbo àgbàlá ni wọ́n ti gbá kí n tó dé, ti Alhaja tún yàtọ̀: ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń retí ọkọ ìyàwó. Ó se ìrẹsì ọ̀fadà fún mi. Ó ní bí ìjọba ṣe ti bọ́dà yìí, Ọlọ́run ló fẹ́ ká tún mọ adùn ìrẹsì tiwa. Mo rún òkúta lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní ó dùn. Tíì tí Toheebat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, pò fún mi ní òórùn kan, bí ife tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ tí wọn ò ṣàn dáadáa. Mo mu ún.

Toheebat sìn mí jáde, ó gbé Rájí ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín.

"Àǹtí, ṣé omi wa dáa? Nọ́ọ̀sì ní kí n máa sè é kí n tó fún Rájí mu. Kẹrosíìnì ti wọ́n, igi tútù sì ń fẹ́ fọ́ mi lójú."

Òfin ni pé kí n má sọ nǹkan kan títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ ni, kí ni mo fẹ́ fi í pamọ́ fún? Mo ní èyí tí mo bù kọjá mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bá mi gbé kúlà dé ìdí ọ̀kadà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ó tún mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí kànga keje mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to ìdáhùn àwọn ìyá ọmọ jọ lánàá, àwọn ilé tó ń fa omi níbẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ àwọn ọmọ lẹ́nu jù. Omi mọ́, ọmọ ń ṣu gbuuru. Kò bára mu. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé bóyá oúnjẹ ni, bóyá ọwọ́ àìfọ̀. Ẹni bá fẹ́ rí àwáwí kì í wá a tì.

Wọ́n mú iná lọ láti ọ̀sán. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń gbé àpótí tó ń mú àwọn àwo lọ́wọ́ọ́wọ́ ró.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹwàá

Dókítà Ọ̀ṣunníyì, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ mi, pè láti Ìbàdàn. Mi ò gbọ́ kí ohùn rẹ̀ ga báyìí rí.

"Ìbùkún, ṣé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ? Gbogbo ìwé ló ń sọ pé kí ṣáláńgá jìnnà réré sí kànga. Tìrẹ ń sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń sẹ́ omi fúnra rẹ̀. Ìlú tí ilẹ̀ ti há, tí ilé ń gun ara wọn, wọ́n lè fi èyí pín ilẹ̀ wọn!"

Ó ti fi orúkọ wa ránṣẹ́ sí àpérò kan. Ó ní pẹ̀lú àbọ̀ báyìí, àwọn onínáwó á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá. Mo ra súyà, mo jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹwàá

Ó mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àbọ̀ náà. Orí kejì ń dùn mọ́ èmi fúnra mi.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kọkànlá

Ìròyìn kàn pé wọn ò ní gbé epo wá sí ilé epo kankan tó wà nítòsí bọ́dà mọ́. Kó tó di ọ̀sán, ìlà ọkọ̀ ti gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Mo ti pe Alhaja láàárọ̀ pé mò ń bọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kọkànlá

Bánjí tò títí agara fi dá a, kò rí epo. Mo pe Alhaja láti bẹ̀ ẹ́. "Hàà! Ìbùkún! A sì ti ṣètò gbogbo nǹkan dè ọ́!" Mo rò pé ọ̀fadà ló ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an. Bí ká dúpẹ́, bí ká bínú, eyín mi sinmi lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kọkànlá

Bánjí rí epo rà nínú ìgò ọtí, owó rẹ̀ kò ṣeé sọ. Mo pe Alhaja lánàá, mo tún pè láàárọ̀, nẹ́tíwọ̀kì ò lọ. Iṣẹ́ ti pẹ́ jù, mo ní ká kàn máa lọ, màá bẹ̀bẹ̀ bí mo bá dé.

Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ bẹ̀. Alhaja ti lọ sí ọjà Owódé. Aládùúgbò kan ní Toheebat ti gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ ò yá. Wọn ò gbá àgbàlá, ìgbẹ́ adìyẹ wà lẹ́nu kànga gan-an. Mo bu omi mi káàkiri, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kọkànlá

Àmì kún àwo kànga keje débi tí mi ò lè kà á. Àwọn mẹ́jọ mìíràn bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ìgò mi ló dọ̀tí. Mo se gbogbo ìgò, mo tún èyí tó kù nínú kúlà ṣe. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí n fi àbọ̀ ránṣẹ́, irú èyí wo rèé?

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kọkànlá

Àtúnṣe náà jáde bákan náà. Ìgò mi ò dọ̀tí.

Toheebat pè mí lọ́sàn-án, ó ní àwọn wà ní ọsibítù níbí ní Ìlaròó, wọ́n ti fa omi sí Rájí lára. Mo sáré lọ. Ojú ọmọ náà ti jìn sínú, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó wò mí, kò sunkún, agbára ẹkún ò sí lára rẹ̀. Dókítà ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, pé ká ní wọ́n tún fi í sílé di ọjọ́ kejì ni.

Mo bi Toheebat bóyá ó ṣì ń se omi.

"Rárá, àǹtí. Látìgbà tí ẹ ti ní ó mọ́ ni mi ò ti sè é mọ́."

Mo yí ojú mi sí ọmọ náà. Ó rò pé òun ni mò ń dá lẹ́bi, ó yára tẹ̀ síwájú: "Bóyá torí pé ẹ ò wá lọ́jọ́ Ẹtì ni. Màmá ti da álọ́ọ̀mù àti bílíìṣì sí i dè yín, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí ẹ ò wá, àwọn èèyàn ti fà á tán kó tó di ọjọ́ Ajé."

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe báwo?"

"Bí ẹ bá ti pè pé ẹ̀ ń bọ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Wọ́n ní wolé-wolé ò gbọdọ̀ bá wa lójijì."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Tíì yẹn. Kì í ṣe ọṣẹ ló wà nínú ife. Oògùn tí wọ́n fi ń dá kọ́lórínì inú bílíìṣì mọ̀ wà nínú àpótí mi látọjọ́ tí mo ti rà á, mi ò ṣí i rí. Ta ló ń wá kọ́lórínì nínú kànga tí wọ́n ń fi okùn fà? Èmi ni mo ń ṣí ẹnu sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé omi mọ́. Ojú tì mí, inú sì bí mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Mo ra gúlúkóòsì fún ọmọ náà. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kọkànlá

Mo múra ìjà lọ sí Ìhunbọ̀. Àgbàlá Alhaja mọ́ tónítóní nítorí pé Toheebat ti sọ fún un pé mò ń bọ̀.

Mo ní, "Alhaja, ẹ̀ ń da bílíìṣì sí kànga kí n tó dé?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé èyí tí mo dà ò tó ni?"

Gbogbo ìjà tí mo gbé lọ dà nù. Mo ní omi náà ni mo fẹ́ bá bó ṣe wà, pé bó ṣe ṣe yìí, irọ́ ni gbogbo ohun tí mo ti kọ.

"Irọ́ wo? Ta ló parọ́ fún ọ? A fọ̀ ọ́, o wò ó, o ní ó mọ́. Ìwọ náà, bí àlejò bá ránṣẹ́ sí ọ pé òun ń bọ̀ lọ́la, ṣé abọ́ àná lo máa gbé síwájú rẹ̀?"

"Àwọn onílé yòókù ńkọ́?"

"Èmi ni mo ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní wolé-wolé ń bọ̀, kí kálukú tún kànga rẹ̀ ṣe."

Mo ní èmi kì í ṣe wolé-wolé. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ìwé lọ́wọ́, ìgò lọ́wọ́, mo ń yọjú wo inú kànga àti ṣáláńgá onílé. Ó ní kí n sọ ohun tí mo jẹ́ nígbà náà. Mo gbé ìgò sílẹ̀.

Ó wá jókòó, ó sọ èyí tí mi ò mọ̀. Ó ní òun ṣì kéré nígbà tí wolé-wolé kan bá tanwíji nínú ìkòkò omi ìyá òun. Ó gbé ìkòkò náà jáde síta gbangba, ó dà á nù lójú gbogbo àdúgbò, ó tún gbé ìyá náà lọ sí kóòtù. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe orin nígbà tí wọ́n bá lọ pọnmi. "Lórí omi ni wọ́n ti dójú ti ìyá mi. Ìdí tí mo fi gbẹ́ kànga fún un nìyẹn, tí mi ò kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ṣé lórí omi ni kí wọ́n tún ti dójú tì í nínú sàréè?"

Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, mo sì sọ ọ́: mo ní omi ọjọ́ Ajé burú, ṣáláńgá ẹ̀yìn ògiri ló jọ pé ó ń wọ̀ ọ́, mo sì gbà pé òun ló ṣe Rájí. Mo ní kí wọ́n má mu ún láìsè.

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé omi ìyá mi ń pa ọmọ?"

Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mo sọ. Ó dìde, ó wọlé, kò jáde mọ́. Bánjí ní kí a máa lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kọkànlá

Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi, kí n kọ ọ́ síbí kó má bàa jẹ́ pé mo fi pamọ́ fún ara mi. Mi ò parọ́. Ohun tó wà nínú ìgò ni mo kọ. Bí mo bá yọ ti ọjọ́ Ajé kúrò, tí mo ní ìgò dọ̀tí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àbọ̀ á dùn, owó á wọlé, Dókítà Ọ̀ṣunníyì á lọ sí àpérò rẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ sí i, ẹnì kan á gbé ìwé mi síwájú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, á ní, "Ẹ gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, wọ́n ti wádìí rẹ̀ ní Yewa, kò léwu." Ibẹ̀ náà á ní Rájí tiwọn.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kọkànlá

Ìrẹsì tún ti gbówó lórí. Mi ò rí oorun sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kọkànlá

Mo pe Dókítà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́? Kò sí èyí tí a lè mú níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà. Alhaja ránṣẹ́ sí gbogbo wọn."

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sọ fún ọ pé kí o máa wo kọ́lórínì." Ẹ̀ẹ̀kan ni, àmọ́ mi ò jà á níyàn. Ó mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi á yọ orúkọ wa kúrò nínú ti àpérò." Kò kí mi pé ó dàbọ̀, mi ò sì retí rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kọkànlá

Mo fi í ránṣẹ́. Mo sunkún díẹ̀, mo fọ aṣọ.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejìlá

Tíṣà Adégbóyè pè. Àwọn tírélà ti lọ, ó ti fi òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ dí ṣáláńgá náà, yóò gbẹ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀ ọgbà wọn. Toheebat ló sọ fún un. Ó ní òun lọ bẹ Alhaja, Alhaja ní kí ló ń bẹ̀ fún, láádá lòun náà ń wá, àwọn méjèèjì ni kò wo ẹ̀yìn ògiri. Mo bi í pé ṣé Alhaja ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó ní ó ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀, àfi èmi.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejìlá

Èsì àwọn onínáwó dé. Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó di òpin oṣù kẹta, láìsí àfikún owó. Bí kò bá jọjú nígbà náà, ó parí. Yunifásítì náà gbà kí n máa wọlé láìránṣẹ́, bí àwọn onílé bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ìyẹn ni pé kí n lọ bá àwọn èèyàn Ìhunbọ̀ pé kí wọ́n fún mi láyè láti máa já lù wọ́n nígbà tó bá wù mí. Kò sẹ́ni tó máa gbà á bí Alhaja ò bá kọ́kọ́ gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kejìlá

Mo pè é láàárọ̀, mo pè é lọ́sàn-án, mo pè é nírọ̀lẹ́. Kò gbé e. Toheebat ní Rájí ti ń jẹ ẹ̀kọ, pé òun sọ ohun tí mo fẹ́ fún Màmá, wọn ò fèsì. Ọyẹ́ ti dé.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kejìlá

Bí mo ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni Alhaja pè.

"Ìbùkún. Mi ò fẹ́ mọ ọjọ́ tí o máa wá."

Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìwọ ò gbọ́ mi. Mo ní mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n. Má pè mí. Mo ti bá àwọn yòókù sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, kó wá bá mi." Ó pa fóònù. Bánjí, tí mo sọ ọ́ fún, ní òun ò rí irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí, pé kí èèyàn pe àlejò kó má sọ ọjọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejìlá

Láàárọ̀ kùtù ni a débẹ̀. Ewé gbígbẹ kún àgbàlá. Abọ́ àná wà nílẹ̀, ewúrẹ́ ń lá ìkòkò ọbẹ̀. Alhaja jókòó sórí àpótí ní yẹ̀rì àti bùbá tó ti gbó, orí rẹ̀ ṣófo, irun funfun rẹ̀ tú sílẹ̀. Mi ò rí irun rẹ̀ rí.

Ó ta gìrì. Ó na ọwọ́ sí ìborùn tó wà lórí okùn aṣọ, ó sì dá ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ó gbé e padà sórí itan. Ìtìjú wà lójú rẹ̀ kedere, mo fẹ́ yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn ni yóò dùn ún jù.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaja."

"Káàárọ̀. Mi ò tíì gbálẹ̀."

"Mo rí i, mà."

Ó fa ara rẹ̀ dìde, ó gbé korobá àti okùn tó wà lẹ́nu kànga fún mi. Ìdérí pákó tuntun ti wà níbẹ̀, wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n má mu ún láìsè. Ó dúró tì mí nígbà tí mò ń fa omi náà, ọwọ́ rẹ̀ lé orí orúkọ ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi ò purọ́ rí," ó wí. "Tanwíji wà nínú ìkòkò yẹn lóòótọ́. Ó gbà á ní kóòtù. Bó o bá ṣe bá a ni kó o kọ ọ́."

Mo dán kọ́lórínì wò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn onílé yòókù jẹ́ kí n wọlé, gbogbo wọn, tàwọn ti ìtọ́ orun lẹ́nu. Mi ò rí ọ̀fadà jẹ.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejìlá

Àmì ṣì wà lójú àwo kànga keje. Ó ti dín púpọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, ó ṣeé kà báyìí, ṣùgbọ́n ó wà. Mo kọ ọ́.

Mo pe Alhaja, mo sọ ọ́ fún un: omi kò tíì dáa, ó ń bọ̀ wá dáa, kí wọ́n ṣì máa sè é. Mo ń gbọ́ ohùn Rájí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ké tagbára-tagbára.

"Ó dáa," ó wí. "Ìgbà wo lo tún ń bọ̀?"

Mo ní, "Alhaja, mi ò ní sọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "O ti mọ iṣẹ́ náà wàyí."